Ẹkún Ìyàwó Inú Kọ̀ǹpútà

Agboolé Ògúndèjì,
Òkèhò.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Sodiqat Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàláámù aléékùm. Kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìjókòó, kí ó bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó má bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ ti ń wò ọ́ láti ẹ̀yìn, nítorí ó gùn. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú ooru Èkó tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ èrò ọ̀nà, tó tún ń ṣọ́ ará ilé, kò ní gbàgbé ọ̀kankan nínú àwa méjèèjì. Kò ní jẹ́ kí ojú Samsudeen àfẹ́sọ́nà rẹ yà sí ibòmíràn kí ọjọ́ tó pé. Àmín.

Ará ilé wà, wọ́n ní kí n kí ọ. Òjò ti ń rọ̀ déédéé, iṣu àbúrò bàbá rẹ ti yọ ìtàkùn. Ewúrẹ́ mi dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan nínú wọn kò mọ ìyá rẹ̀, èmi ló ń tẹ̀ lé kiri, bí mo bá wọ ilé ìdáná ó ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tí yóò tún un ṣe wà ní Ìgànná, ó ní òun ti wà lójú ọ̀nà, bóyá ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ èmi ò mọ̀. Bí a ò bá sì rí ẹ̀gẹ́ lọ̀, a ò lè yan gàrí, ọwọ́ mi wá dilẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá dilẹ̀ lèṣù ń bẹ̀ níṣẹ́, èmi ni mo yára bẹ tèmi níṣẹ́ kí èṣù tó dé, iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ.

O lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti pè. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ ní ìwà. Bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ aṣọ, ó mọ́ gaara. Bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ èlùbọ́ tí o fẹ́ kí n fi ránṣẹ́, ó tún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹnu kan ẹkún ìyàwó báyìí, wàá ní màámi, mi ò gbọ́ yín mọ́, ó ń já, ó ń já. Mo bi Waheedat oníkọ̀ǹpútà léèrè bóyá irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ wà, èyí tó ń ṣa ọ̀rọ̀ jẹ, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kì í já.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí o sọ, kí o má baà ní mo fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu. O ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ lo máa wọlé, àárọ̀ Sátidé ni yìgì, o ní o ò ní sun ẹkún ìyàwó nítorí pé o ò mọ̀ ọ́n, pé ojú á tì ọ́, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń bọ̀ láti Èkó á máa fi fóònù ká ọ sílẹ̀, wọn á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbọ́. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọ agboolé yìí, mi ò rí ọmọbìnrin tó jáde níbẹ̀ lọ sílé ọkọ tí kò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ kó fi ẹkún dágbére. Ìyá Àsíátù, tí wọ́n dàgbà jù nínú gbogbo àwa ìyàwó ilé, lè dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láràárọ̀ tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á béèrè pé ṣé Sodiqat ti mọ ẹkún rẹ̀. Èmi náà á ní ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Irọ́ ni mo ń pa, Ọlọ́run á foríjì mí. Mo wá rí i pé irọ́ náà ti ń ga ju èmi tí mo bí i lọ, mo sì pinnu pé ẹkún ìyàwó yóò jáde nínú ilé yìí ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ náà, bí ìyàwó fẹ́, bí ìyàwó kọ̀.

Ète tí mo pa nìyí. Èmi mọ ẹkún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyá mi ló kọ́ mi nídìí iná gàrí nígbà tí mi ò tíì lè dá agbada gbé. N ó sun ún, ẹ̀rọ á gbà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, n ó ti gbé ẹ̀rọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwọ á da aṣọ borí, wàá kúnlẹ̀, wàá máa mi ẹnu, ẹ̀rọ á máa sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, èéfín gàrí ti wọ ọ̀nà ọ̀fun mi tipẹ́, bí mo bá fi ohùn yìí sọ pé ọmọge ni mí, ewúrẹ́ ilé pàápàá á bojú wẹ̀yìn. Àmọ́ mo máa ń gbọ́ lórí rédíò bí wọ́n ṣe ń sọ ohùn àgbàlagbà di ti ọmọdé níbi tí wọ́n ti ń polówó ọṣẹ. Mo ní bí wọ́n bá lè ṣe é nítorí ọṣẹ, wọ́n á ṣe é nítorí ọmọ mi.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Waheedat lọ, Waheedat tí ẹ jọ lọ sílé ìwé girama, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà báyìí, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní áàpù tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, pé àwọn kan wà tí à ń sanwó fún, àwọn kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo ní ọ̀fẹ́. Ó ní ọ̀fẹ́ mẹ́ta lòun mọ̀, kí n yan èyí tó wù mí. Mo ní a kì í wojú yan. Nígbà tí Samsudeen wá tọrọ rẹ, ṣebí a rán èèyàn lọ sí Ṣakí, a wádìí ilé wọn, a bi wọ́n léèrè ta ló bí wọn, irú àìsàn wo ló ń ṣe wọ́n, ṣé wọ́n máa ń lu ìyàwó. Kí Waheedat sọ fún mi ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn áàpù wọ̀nyí ti wá kí n tó la ẹnu mi sí i nínú.

Àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ fani mọ́ra, gbogbo rẹ̀ ń dán. Waheedat ní ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ méje. Mo ní ní ọjọ́ kẹjọ ńkọ́? Ó ní wọ́n á ní ká sanwó. Mo ní bí a ò bá san? Ó ní ohùn tí a ti fi sínú rẹ̀ á há síbẹ̀. Mo dìde. Àgbàdo tí wọ́n fi sínú ẹ̀bìtì, ṣebí ọ̀fẹ́ náà ni lójú eku. Mo pe orúkọ èyí ní Ọlọ́jọ́-Méje, mo ní kó bá mi pa á dé.

Ìkejì, inú fóònù ló wà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí orúkọ gbogbo àwọn tí mo mọ̀. Mo ní kí ló fẹ́ fi orúkọ ẹbí mi ṣe, mi ò tíì pè é sí ìnáwó. Síbẹ̀ mo gbà á láyè, mo sun ìlà mẹ́ta péré dánwò, Waheedat tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́. Ọmọ mi, láàárín ìlà kejì àti ìkẹta ni ohùn obìnrin òyìnbó kan já lu ẹkún ẹlẹ́kún, ó ń pe orúkọ áàpù náà tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ní ta nìyẹn? Waheedat ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe, pé bí èèyàn bá lo ọ̀fẹ́, obìnrin náà á máa yọjú. Mo ní ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti owó, ọjọ́ tí ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ ni obìnrin mìíràn á ti máa fọhùn nínú yàrá rẹ̀. Èmi ò fi orogún ránṣẹ́ sí ọ. A pa ìyẹn náà dé.

Ìkẹta kò lẹ́wà. Ojú rẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ilé tí wọn ò rẹ́. Mo bi Waheedat léèrè ta ló ni ín, ó ní kò sẹ́ni tó ni ín. Mo ní ọmọ àlè ni? Ó ní rárá o, pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn káàkiri ayé ló jọ ń ṣe é, ẹni tó mọ ìhín á ṣe ìhín, ẹni tó mọ ọ̀hún á ṣe ọ̀hún, wọn ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ara mi balẹ̀. Mo ní kí ló dé tí o ò tètè sọ pé àáró ni wọ́n ń ṣe. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà làwọn bàbá yín ṣe ń kọ ebè, lónìí a wà lóko tèmi, lọ́la a wà lóko tìrẹ. Ọ̀fẹ́ tó yé mi nìyẹn. Mo yàn án.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti dé. Waheedat fẹ́ fi áàpù náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìwé kan jáde lójú ẹ̀rọ, ìwé gígùn, ó ní kí n tẹ "mo gbà" nísàlẹ̀. Mo ní kí ni mo gbà? Ó ní òun ò mọ̀, pé ẹnikẹ́ni kì í kà á, pé láti ọdún mẹ́fà lòun ti ń tẹ "mo gbà" kiri. Sodiqat, lọ́jọ́ yìgì, àwọn aáfà kì í kàn fa ọ̀rọ̀ "mo gbà" yọ lẹ́nu ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣe wáliyù rẹ̀, tó dúró fún ìdílé rẹ̀, á wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì á wà níbẹ̀. Waheedat kò tíì lọ́kọ, ó ti sọ "mo gbà" fún ọdún mẹ́fà láàárín àwọn àjèjì. Mo sọ fún un pé kó má tíì tẹ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú bàbá rẹ kékeré Ràmọ́nì wá, àwọn tí wọ́n máa ṣe wáliyù tìrẹ nítorí pé bàbá rẹ ti kú, kí Ọlọ́run ṣàánú wọn. Wọ́n wọ agbádá. A pe fọ́kànáísà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù àti ọkùnrin kan tó wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, àwọn ni ẹlẹ́rìí. Waheedat ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, òógùn bò ó. Ó dé ibì kan tí wọ́n ní bí nǹkan kan bá bàjẹ́, àwọn ò ní dáhùn fún un. Bàbá rẹ Ràmọ́nì ní kó dúró níbẹ̀, pé ọkọ wo ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo ní gbogbo wọn ló ń sọ ọ́, wọn kì í kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Fọ́kànáísà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Wọ́n wá bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo fara mọ́ ọn, mo ní mo fara mọ́ ọn, wọ́n ka Fátíà, Waheedat tẹ̀ ẹ́. Mo pín ẹ̀pà. Ọkùnrin pásípọ́ọ̀tù gbàgbé láti ya fọ́tò, ó bá ẹ̀pà lọ.

A bẹ̀rẹ̀. Waheedat gbé máìkì síwájú mi, mo di ojú, mo sun ẹkún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò sinmi. Nígbà tí mo la ojú, ohùn mi wà níwájú mi lórí kọ̀ǹpútà, ó lọ gbọọrọ, ó ga níbìkan, ó rẹlẹ̀ níbìkan, gẹ́gẹ́ bí ebè tí ẹni tó ti rẹ̀ kọ. Mo ní kó bá mi tún àwọn ebè tó rẹlẹ̀ kọ, ó ní òun lè ṣe é, ó sì ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń ké nínú rẹ̀, Waheedat ní kí áàpù kọ́kọ́ gbọ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan kó lè dá a mọ̀, lẹ́yìn náà ó ní kó lé e jáde. Ó lé e tán pátápátá, ó tún mú ikọ́ mi dání lọ, ikọ́ tí mo ti ń ná owó lé lórí láti ọjọ́ yìí. Àwọn ibi tí mo ti mí kanlẹ̀, ó gé wọn kúrò. Mo ní kó di àwọn tó gé náà fún mi kí n gbé wọn délé, nítorí ohùn èèyàn kì í ṣe ohun tí a ń dà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ṣà. Ó ní wọn ò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jẹ mí lọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ló ní ká yan ibi tí a fẹ́ kí ohùn náà ti jáde. Mo ní ṣebí inú ṣọ́ọ̀bù rẹ la wà. Ó ní áàpù lè ṣe é bí ẹni pé ibòmíràn ni, ó ka wọn sílẹ̀ fún mi, yàrá, gbọ̀ngàn, ṣọ́ọ̀ṣì, balùwẹ̀, ihò àpáta. Mo ní mọ́ṣáláṣí ńkọ́? Kò sí. Mo ní kó wò ó dáadáa, bóyá ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí. Mi ò bá ṣọ́ọ̀ṣì jà o, àbúrò ìyá mi wà níbẹ̀, ìrẹsì Kérésì wọn kì í yẹ̀ mí, ṣùgbọ́n bí Ìyá Àsíátù bá gbọ́ tí ẹkún ìyàwó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì jáde, mi ò ní rí àlàyé ṣe. Balùwẹ̀ kò ṣeé dárúkọ. Mo wá rántí pé inú ihò àpáta làwọn baba ńlá ọkọ mi ń sá sí lórí òkè nígbà ogun. Bí ihò bá gba ẹ̀mí àwọn baba ńlá yín là, kò ní ba ẹkún ọmọ wọn jẹ́. Mo mú ihò. Bí o bá rí àwọn tó ń ṣe àáró náà, bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fi mọ́ṣáláṣí kún un, wọ́n lè wá gbọ́ ti Òkèhò níbí bí wọn ò bá mọ bó ṣe ń dún.

Ó wá ku ohùn ọmọge. Waheedat ní òun á fà á sókè díẹ̀díẹ̀, kí n máa sọ ibi tí yóò dúró. Ó kọ́kọ́ fà á jù, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún ọmọ ọwọ́ lágbo. Ó tún dín in kù, ó dà bíi tèmi nígbà tí mo ní otútù. Ó rọra gbé e sókè bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ibì kan wá wà tó dé, ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Sodiqat, ìwọ ni. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Ohùn rẹ gan-an ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń wárìrì díẹ̀ níparí ọ̀rọ̀. Ẹni ogójì ọdún ni mí kí n tó bí ọ, mi ò rántí pé mo ní ohùn kankan rí tí mo lè fún ẹnikẹ́ni. Waheedat ní òun ò lè fi ihò sí i mọ́, òun ò lè fi nǹkan kan sí i mọ́, mo ní kó yọ ihò kúrò, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e délé nínú mẹ́mórì káàdì. Mo ní kí n dán an wò. Nírọ̀lẹ́, mo fi rédíò kékeré tó ń gba káàdì sínú yàrá rẹ, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìyá ìyàwó máa ń jókòó sí. Kò pẹ́ tí ẹkún bẹ̀rẹ̀ ni mo gbọ́ ọ̀pá Ìyá Àsíátù. Wọ́n ń bọ̀ kíákíá, àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn. Wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ, wọ́n ní Sodiqat, ìgbà wo lo wọlé tí o ò wá kí mi. Wọn ò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n sun ẹkún pẹ̀lú rẹ láti ìta, wọ́n ṣàdúrà fún ọ, àdúrà tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọ́n ní o ò ní bá òfo pàdé nílé ọkọ, ọmọ rẹ á sunkún báyìí níwájú rẹ. Wọ́n ṣí ìborùn òfì ọrùn wọn, èyí tí wọ́n hun fún wọn ní Ìsẹ́yìn nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣe ìyàwó, wọ́n fi kọ́ ilẹ̀kùn rẹ, wọ́n padà lọ, wọ́n ń nu ojú.

Ó yẹ kí n dìde jó. Gbogbo ohun tí mo pète ló bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tíì tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ọmọ ti ń kọjú sí ìyá rẹ̀. Ó ní:

Màámi, mo ń lọ, ta ni yóò máa bá yín fẹ́ná gàrí?
Ta ni yóò máa gba ẹrù lórí yín bí ẹ bá ti oko dé?
Bí mo bá pè yín láti ilé ọkọ, ṣé ẹ ó dáhùn?

Mo dáhùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Mo ní hẹn, ọmọ mi, n ó dáhùn. Kò gbọ́. Ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo tún dáhùn, mo gbé ohùn sókè, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí ẹní, mò ń bá rédíò sọ̀rọ̀ bíi wèrè, ọmọ ewúrẹ́ yẹn nìkan ló ń wò mí lẹ́nu.

N ó sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Èmi ò sun ẹkún ìyàwó tèmi. Ìyá mi kú nígbà tí ìgbéyàwó mi ku ọjọ́ mọ́kànlá. Àwọn àgbà ilé ní kí a má yẹ ọjọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ẹkún, mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹní wà nílẹ̀, kò sẹ́ni lórí ẹní. Wọ́n ní kí n sun ún fún àbúrò ìyá mi. Ẹnu mi kò ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú mi wá sílé yìí láìfọhùn. Gbogbo ẹkún tí ìyá mi kọ́ mi nídìí iná ni mo gbé pamọ́ sínú láti ìgbà náà, iwájú máìkì Waheedat ni mo ti kọ́kọ́ sun ún láyé mi. Èmi ni mo sun ún, èmi náà ni wọ́n sun ún fún, àárín wa ò sí èèyàn kankan. Ó dùn mí, Sodiqat. Mi ò ní pa á mọ́ fún ọ, ó dùn mí gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Àsíátù, mo dá ìborùn wọn padà. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò ní ọrùn tí yóò fi ìborùn sí, pé kí n fi pamọ́ fún ẹni tó ní ọrùn. Wọ́n ní àdúrà ní tirẹ̀ ti jáde lẹ́nu àwọn, àwọn ò lè kó o padà, kí n sọ fún ẹni tó ni ín kó wá gbé e.

Nítorí náà, mo ti yí ète mi padà. Ẹ̀rọ kò ní wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káàdì náà wà nínú àpòòwé yìí, mo fi ike dì í. Fi sínú fóònù rẹ nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ, gbọ́ ara rẹ. O ní o ò mọ ẹkún ìyàwó, irọ́ ni, ohùn rẹ ti mọ̀ ọ́n kí o tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Kọ́ ìlà mẹ́rin lójúmọ́. Bí o bá gbàgbé ìlà kan níwájú mi, n ó rán ọ létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, fóònù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò ní gbọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ká a sílẹ̀, jẹ́ kí wọ́n ká a, èmi náà ti ká tèmi.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ ra ẹní tuntun, èyí tó wà nílẹ̀ ti ya, mi ò fẹ́ kí eékún rẹ kan ilẹ̀. Fi sí ọ̀dọ̀ Waheedat. Má fi sí báńkì mi, wọ́n ní káàdì tí mo fi ń gbowó ti kú, mo gbé e yẹ̀wò, mi ò rí ohun tó ṣe é, ó ṣì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi. Fi owó ọkọ̀ kún un pẹ̀lú, bí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ bá ti dára n ó yan gàrí àpò kan fún àwọn onísọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ yẹn, bá mi wá àdírẹ́sì wọn. Àáró ni wọ́n bá mi ṣe, mi ò sì tíì débi oko wọn.

Kí Ọlọ́run mú ọ wálé láyọ̀, kí ó má jẹ́ kí a fi ẹkún mìíràn pàdé àfi ẹkún ayọ̀, kí ilé ọkọ tù ọ́ bí omi àmù. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ náà, n ó ti wà lórí ẹní kí o tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Pè mí. N ó dáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣì wà láàyè,
Mùyìbátù Àmọ̀kẹ́.